Èmi, Àbúrò Mi àti Kẹ̀kẹ́ Lórí Òkè Tahoe

Ẹni tó bá mọ Ìdànrè dáadáa á mọ̀ pé òkè kì í dẹ́rù ba ọmọ ibẹ̀. Orí òkè ni àwọn baba ńlá wa gbé fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀, àtẹ̀gùn tí àwọn àlejò ń gùn lọ wo ìlú àtijọ́ náà lónìí sì lé ní 600. Bí mo bá wá sọ fún yín pé ọ̀nà kan wà lórí òkè ní Amẹ́ríkà tí mo gun kẹ̀kẹ́ dé, tí itọ́ gbẹ mọ́ mi lẹ́nu, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pè mí ní ojo. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín, kí ẹ fúnra yín dá ẹjọ́ náà.

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó bi mí ni pé, kí ni ìyá àgbàlagbà tó ti lé ní 50 ọdún, abiyamọ ọlọ́mọ mẹ́ta, nọ́ọ̀sì tó mọ bí egungun ṣe ń kán, ń wá lórí kẹ̀kẹ́? Àbúrò mi ọkùnrin náà bi mí bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi kò tilẹ̀ bi mí ní nǹkan kan. Ó kàn ń wò mí bí ẹni tó ń wo sinimá ni.

Kẹ̀kẹ́ kò ṣàjèjì sí mi. Àgbẹ̀ kòkó ni bàbá wa, wọ́n sì ní Raleigh dúdú kan, irú èyí tí wọ́n ń ṣe ní Nottingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ìgbà èwe wa, ilé àgbẹ̀ tí kẹ̀kẹ́ bá wà kì í ṣe ilé yẹpẹrẹ. Òun ni Bàbá ń gùn lọ sí àbà, òun ni wọ́n fi ń ru àpò kòkó bọ̀ wálé, òun náà ló ń di ọkọ̀ aláìsàn bí ara ẹnikẹ́ni ò bá yá lóru. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, èmi ni mo máa ń fi àkísà tí mo rẹ sínú kẹrosíìnì nù ún, láti orí aago rẹ̀ títí dé ara sípóòkù inú wíìlì. Kò sí eegun kan lára kẹ̀kẹ́ náà tí n ò mọ̀.

Ṣùgbọ́n n ò gbọdọ̀ gùn ún. Àwọn ọmọkùnrin ilé ti ń kọ́ ọ láti ọmọ ọdún méje, nígbà tí ẹsẹ̀ wọn ò tíì lè ré ọ̀pá àárín kọjá. Wọn á ki ẹsẹ̀ kan gba abẹ́ ọ̀pá, wọn á máa wa kẹ̀kẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ bí alákàn. Bí èmi bá fọwọ́ kan hándù lásán, ìyá àgbà á ti figbe ta: "Kúrò níbẹ̀! Ṣé o fẹ́ ba ara rẹ jẹ́ ni?" Wọ́n ní kẹ̀kẹ́ a máa já ìbálé ọmọbìnrin. Ó ti lé ní 30 ọdún báyìí tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, mo ti rí oríṣiríṣi nǹkan tó ń ba ọmọbìnrin jẹ́ láyé, kẹ̀kẹ́ kò sí nínú wọn.

Ìlú Sacramento ni mò ń gbé, ní ìpínlẹ̀ California. Obìnrin ará Philippines kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ló fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ kan pé, àṣé ẹni tó lè gún àgbàlagbà lábẹ́rẹ́ láìjẹ́ kó gbọn kò lè gun kẹ̀kẹ́. Ọmọ ọdún 49 ni mí nígbà náà. Ó mú mi lọ sí àyè ìgbọ́kọ̀sí ṣọ́ọ̀ṣì kan lọ́jọ́ Túsìdé tí kò sí èrò, ó di mí mú lẹ́yìn bí ẹni ń kọ́ ọmọ ìrákòrò ní rírìn. Mo ṣubú títí àtẹ́lẹwọ́ mi fi bó. Ọjọ́ tí kẹ̀kẹ́ gbé mi lọ tí mo bojú wẹ̀yìn tí mo rí i pé ọ̀rẹ́ mi ti fi mí sílẹ̀ tipẹ́, mo pariwo níbi tí kò sẹ́ni tó gbọ́ Yorùbá, mo ní, "Ìyá àgbà, ẹ wá wò mí o!"

Láti ìgbà náà ni mo ti ń gùn ún, láti ojú títì dé inú igbó, láti inú igbó dé orí òkè. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń gun òkè kì í ṣe ẹgbẹ́ Raleigh Bàbá. Táyà rẹ̀ fẹ̀, ó ní eyín bíi ti katakata. Ó ní sípíríǹgì níwájú tó ń gba ìjàǹbá òkúta dípò ọwọ́ ẹni. Bíréèkì rẹ̀ kì í fún rọ́ọ̀mù mọ́. Irin pẹlẹbẹ róbótó kan tó wà láàárín wíìlì ló ń fún, ìka méjì péré sì tó láti dá a dúró. Ìtòsí San Francisco, ní Marin County, ni eré ìdárayá yìí ti gbilẹ̀ láàárín 1970 sí 1979. Àwọn ọ̀dọ́ kan níbẹ̀ a máa wá ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ Schwinn oní-táyà ńlá kiri, wọn á gbé e gun orí òkè, wọn á wá já a sílẹ̀ pẹ̀lú eré àsápajúdé. Ní 1976 wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdíje kan tí wọ́n pè ní Repack. Orúkọ yìí wá láti ara bíréèkì: inú họ́ọ̀bù ẹ̀yìn ni bíréèkì kẹ̀kẹ́ wọn wà, bí wọ́n bá fi já òkè lẹ́ẹ̀kan, gíríìsì inú rẹ̀ á ti jóná di èéfín, àfi kí wọ́n tú u kí wọ́n kó gíríìsì tuntun sí i. Ní 1977 ọ̀kan nínú wọn, Joe Breeze, ṣe kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ tó jẹ́ fún òkè nìkan. Nígbà tó di 1996, eré náà ti wọ Òlíḿpíìkì ní Atlanta. Ẹ̀rín pa mí nígbà tí mo kà á. Àwọn àgbẹ̀ tiwa ti ń fi kẹ̀kẹ́ já gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè tipẹ́, pẹ̀lú àpò kòkó lẹ́yìn àti ọmọ lórí ọ̀pá, kò sì sẹ́ni tó fún wọn ní ife ẹ̀yẹ.

Ó di oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, àbúrò mi tó tẹ̀lé mi wá kí mi láti Houston. Mo rò pé ó wá ṣeré ni. Àṣé wọ́n rán an ni.

Ṣé ẹ rí i, Bàbá ti pé ọmọ ọdún 84, wọ́n sì ń gun kẹ̀kẹ́ náà síbẹ̀. Ní oṣù keje ọdún yẹn, wọ́n ṣubú ní ọ̀nà àbà. Egungun kankan ò kán, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ìbàdí wọn wú, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi wà lórí ìdùbúlẹ̀. Márùn-ún ni àwa ọmọ. Àwọn mẹ́rin yòókù ti ṣèpàdé lórí fóònù, wọ́n ti fẹnu kò pé kí wọ́n gba kẹ̀kẹ́ náà lọ́wọ́ Bàbá, kí wọ́n tà á fún onírin. Ẹnu tèmi tí mo jẹ́ àkọ́bí ni wọ́n ń dúró dè, nítorí wọ́n mọ̀ pé Bàbá kì í dá ọ̀rọ̀ mi nù. Àbúrò mi ò tíì mu omi tán tó ti ń wí i. Mo ní, "Jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ sí Tahoe ná."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀yin? Ẹ ẹ́ gun kẹ̀kẹ́ lórí òkè? Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ rántí pé èmi ni mo mọ kẹ̀kẹ́ nínú ilé wa?"

Adágún Tahoe wà ní ààlà California àti Nevada, ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ wà ní California, ìyókù wà ní Nevada. Ó gùn tó máìlì 22, ó fẹ̀ tó máìlì 12. Ibi tó jìn jù nínú rẹ̀ jẹ́ 1,645 ẹsẹ̀ bàtà, adágún kan ṣoṣo ló sì jìn jù ú lọ ní gbogbo orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Odò tó ń wọ inú rẹ̀ lé ní 60, ẹyọ kan péré ló ń jáde, ìyẹn odò Truckee, òun náà kò sì dé òkun, inú adágún mìíràn ní aṣálẹ̀ ló ń parí sí. Àwọn Washoe ló ni ilẹ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀. Ní èdè wọn, ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí adágún ni àwọn òyìnbó kò lè pè dáadáa tí ó fi di Tahoe. Bí wọ́n ṣe ṣe orúkọ wa náà nìyẹn nínú ìwé ìjọba àmúnisìn, kò yẹ kó yà wá lẹ́nu.

Ọ̀nà tí a lọ gùn ni wọ́n ń pè ní Flume Trail, ní apá Nevada. Gbogbo rẹ̀ tó máìlì 14 láti adágún kékeré Spooner títí dé ìlú Incline Village. Èmi ní kẹ̀kẹ́ tèmi, a háyà ọ̀kan fún àbúrò mi. Ẹni tó yá wa sọ fún un pé kó dé akoto kó sì má fi ọwọ́ fún bíréèkì iwájú nìkan. Ó ní, "Ọ̀gá, mo ti ń gun kẹ̀kẹ́ kí wọ́n tó bí ọ."

Ìgòkè ni máìlì márùn-ún àkọ́kọ́. Ọ̀nà yanrìn ni, ó gba àárín igi páìnì àti igi àsípẹ́ẹ̀nì tí ewé rẹ̀ ń gbọ̀n láìsí afẹ́fẹ́, àwọn kan ti ń pọ́n. Ibẹ̀ ni ariwo àbúrò mi ti kọ́kọ́ rọlẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Houston tẹ́jú pẹrẹsẹ sétí òkun, orí òkè tí à ń lọ sì ga tó 8,000 ẹsẹ̀ bàtà. Ní irú ibẹ̀, bí ìdá mẹ́rin afẹ́fẹ́ tó wà nílẹ̀ bá jẹ́ mẹ́rin, mẹ́ta ni ẹ óò rí mí. Mo yí gíà mi sí èyí tó fúyẹ́ jù, mò ń wà á díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń lọ ata. Òun sáré, ó dúró, ó sáré, ó dúró. Nígbà tó yá, ó sọ̀ kalẹ̀, ó ń tì í. Mo kọjá lára rẹ̀, mo tẹ aago mi.

Bí ẹ bá gòkè tán, ẹ ó rí adágún Marlette, kékeré, dúdú, tó dákẹ́ rọ́rọ́. Ìtàn ọ̀nà náà bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ní 1859 wọ́n rí fàdákà ní Virginia City, ní òdì kejì òkè. Èrò ya lọ bí eṣú, ṣùgbọ́n omi kò sí. Ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ Hermann Schussler ló ṣètò páìpù irin tó gba ìsàlẹ̀ àfonífojì jíjìn kan kọjá, ní 1873 omi orí òkè wọ ìlú. Nígbà tó ṣe, wọ́n fa omi Marlette náà mọ́ ọn. Wọ́n gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ òkè, wọ́n to ọpọ́n pákó gígùn sí i, omi sì ń gba inú rẹ̀ lọ sí ihò tí wọ́n lu gba abẹ́ òkè já. Àwọn páìnì ayé ọjọ́un, inú ilẹ̀ ibi ìwakùsà ni wọ́n bá lọ gẹ́gẹ́ bí òpó. Èyí tí à ń rí lónìí, ọmọ wọn ni. Ọpọ́n ti lọ, pákó ti jẹrà, ojú ibi tí ọpọ́n jókòó sí ló kù tí àwa fi ń ṣe ọ̀nà kẹ̀kẹ́. Ìdí nìyẹn tí ó fi tẹ́jú bẹ́ẹ̀ fún bíi máìlì mẹ́rin ààbọ̀: omi kì í ṣàn gòkè.

Tẹ́jú ni mo wí o, n kò sọ pé ó rọrùn. Ọwọ́ ọ̀tún yín, àpáta. Ọwọ́ òsì yín, òfìfo. Adágún Tahoe wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, ó tó 1,500 ẹsẹ̀ bàtà, omi rẹ̀ aró létí àárín, àwọ̀ ewé létí bèbè níbi tí ẹ ti lè máa wo òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀ láti orí òkè. Níbòmíràn ọ̀nà náà kò fẹ̀ ju ìlẹ̀kùn ilé lọ, òkúta á tún yọrí síta láti ara òkè bíi pé ó fẹ́ fi èjìká gbún yín. Ọ̀rẹ́ mi ará Philippines ti kọ́ mi pé ibi tí ojú bá ń wò ni kẹ̀kẹ́ ń lọ: ẹ má wo ọ̀gbun, ẹ má wo òkúta tí ẹ kò fẹ́ kọ lù, ọ̀nà ni kí ẹ wò, bíi ogún ẹsẹ̀ bàtà síwájú. Itọ́ gbẹ mọ́ mi lẹ́nu bí mo ti wí. Mò ń wò síwájú.

Mo ń gbọ́ táyà àbúrò mi lẹ́yìn mi. Nígbà tó yá, n kò gbọ́ ọ mọ́.

Mo dúró, mo fi ẹsẹ̀ ti àpáta, mo bojú wẹ̀yìn. Ó wà níbi kọ́nà kan tó ṣe tóóró, ó fi ẹ̀yìn lẹ́ mọ́ ara òkè, kẹ̀kẹ́ dùbúlẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, wíìlì iwájú ń yí lórí òfìfo. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, òòyì ń kọ́ mi. N ò lè lọ síwájú, n ò lè padà." Ohùn rẹ̀ dà bí ìgbà tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀rù bà mí ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ. Ọkùnrin tó wúwo tó báyìí, bó bá dákú síbẹ̀, kí ni mo fẹ́ fi dì í mú? Mo fi kẹ̀kẹ́ mi ti ara òkè, mo rìn padà díẹ̀díẹ̀, mo fa kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ kúrò lẹ́nu ọ̀gbun. Mo ní kó jókòó, kó kọjú sí àpáta, kó máa ka àmì funfun àti dúdú tó wà lára òkúta fún mi. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo ka ìlù ọkàn rẹ̀: 128. Mo fún un lómi, mo fún un ní ṣinṣín tí mo dì sápò. Àwọn méjì kan tó ń fẹsẹ̀ rìn dé, wọ́n bi wá bóyá a fẹ́ ìrànlọ́wọ́. Mo ní kí wọ́n máa lọ, kí ọ̀nà lè gbà wá.

Nígbà tí èémí rẹ̀ balẹ̀, ó ní, "Ẹ̀rù ò bà yín ni?"

Mo ní, "Ó ń bà mí. Wo ọwọ́ mi."

Ó wò ó, ó rí i tó ń gbọ̀n. Ó ní, "Kí wá lẹ ń wá níbí?"

Mo ní, "Kí ni Bàbá ń wá ní àbà?"

Ó bínú. Ó ní mo kàn fẹ́ fi ọ̀rọ̀ dè é mọ́lẹ̀. Ó ní bí Bàbá bá kú sójú ọ̀nà oko bí ẹran, kí ni ayé ó wí nípa ọmọ márùn-ún tí mẹ́ta nínú wọn wà lókè òkun? Mo jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, èmi gan-an ló sì mọ̀ ọ́n jù, nítorí mo ti tọ́jú àwọn arúgbó tí egungun ìbàdí wọn kán, tí wọ́n gba ẹnu ọ̀nà iwájú wọlé tí wọn kò padà sílé mọ́. Ṣùgbọ́n mo tún ti tọ́jú àwọn mìíràn tí nǹkan kan ò kán lára wọn. Àwọn ọmọ wọn gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, wọ́n gba ààrò, wọ́n gba ọ̀bẹ, tìfẹ́tìfẹ́ ni o. Wọ́n jókòó sórí àga wọn, ojú fèrèsé ni wọ́n ń wò láti àárọ̀. Bí mo bá gbé oúnjẹ dé, wọn á ní kí n gbé e lọ. Èwo nínú méjèèjì ló sàn? Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òun mọ̀ ọ́n, ẹ bi í bóyá ó ti ṣiṣẹ́ alẹ́ rí.

Mo wá bi í ní ìbéèrè kan. Mo ní, "Kí ló mú kí Bàbá ṣubú?"

Ó ní, "Wọ́n ti dàgbà ni."

"Mo ní kí ló mú kí wọ́n ṣubú lọ́jọ́ náà. Níbo ni? Òjò rọ̀ ni? Òkúta ni wọ́n kọ?"

Kò mọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. "Bàbá ṣubú" ni gbogbo wọn gbọ́, orí ìyẹn ni wọ́n ti ṣèpàdé.

A fẹsẹ̀ rin ìyókù ibi tóóró náà. Mo ní kó rìn sí apá òkè, kó fi kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣe ọgbà láàárín ara rẹ̀ àti ọ̀gbun, kó máa wo ẹ̀yìn mi. Ó tó ìdajì máìlì. A kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ibi tí ọ̀nà ti fẹ̀, ó tún gùn ún fúnra rẹ̀, n kò sọ fún un pé kó gùn. Nígbà tí a dé Tunnel Creek tí ìsọ̀kalẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ọmọkùnrin tó ń ki ẹsẹ̀ gba abẹ́ ọ̀pá jí nínú rẹ̀, ó já gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yanrìn náà bí òkò, ó ń pariwo. Èmi fún bíréèkì títí mo fi dé ìsàlẹ̀. Kálukú pẹ̀lú ohun tó mọ̀.

Agogo mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ náà, tí í ṣe agogo márùn-ún ìdájí ní Ìdànrè, a pe Bàbá. Wọ́n ti jí. Lẹ́yìn tí mo kí wọn tán, mo béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù keje.

Wọ́n ní, "Kẹ̀kẹ́ kọ́ ló gbé mi ṣubú. Rọ́bà bíréèkì ló tán. Òjò rọ̀, mò ń sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi odò, mo fún un, kò mú. Mo bá darí rẹ̀ wọ igbó kó má baà gbé mi wọ omi."

"Ìgbà wo ni rọ́bà náà ti tán?"

"Ṣáájú Àjíǹde. Ẹni tó ń tún un ṣe tẹ́lẹ̀ ti kú, ọ̀kadà ni àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń tún ṣe. Wọ́n ní irú rọ́bà yẹn ò sí lọ́jà mọ́."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa?"

Bàbá dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Bí mo bá ní ẹ ra rọ́bà, ṣé rọ́bà lẹ máa gbọ́?"

Àbúrò mi gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó jáde síta pẹ̀lú rẹ̀. N ò mọ ohun tí wọ́n sọ. Nígbà tó wọlé, mo ti kọ ohun tí mo fẹ́ sílẹ̀ sórí ìwé: kí Bàbá má gun kẹ̀kẹ́ lójú títì ọlọ́dà mọ́, ọ̀nà oko nìkan, kí wọ́n má gùn ún bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú tàbí bí òjò bá rọ̀, kí wọ́n máa tì í níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ odò, kí fóònù máa wà lápò wọn. Bàbá gba gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, àfi akoto. Wọ́n ní orí àwọn kì í ṣe igbá. Àwọn àbúrò méjì kan ṣì ń bínú sí mi dòní, wọ́n ní mo fi Bàbá ṣeré. N kò bá wọn jà. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n, ó ń ba èmi náà.

Lọ́jọ́ tí mo sin àbúrò mi lọ sí pápákọ̀ òfurufú, kò sọ̀rọ̀ títí a fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Ó ti ń tẹ fóònù rẹ̀ láti ilé, mo rò pé iṣẹ́ ló ń ṣe. Ó ṣàdédé bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ máa ń nu kẹ̀kẹ́ yẹn. Wíìlì rẹ̀, 26 ni àbí 28?"

Mo ní, "28. Rọ́bà mẹ́rin ni kó o rà, méjì iwájú, méjì ẹ̀yìn."